Ọ̀nà Ló Ń Dá Iye Ọjà: Láti Ayé Aláàárù Dé Ayé Tírélà

  

Ìjà ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí, ìjà tí èmi fúnra mi dá sílẹ̀, tí mo sì jẹ̀bi rẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù mọ́, mo lọ ra ata lọ́wọ́ ìyá kan tí mo ti ń bá rajà tipẹ́. Iye tí wọ́n pè é mú kí inú bí mi. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ti dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ni wá lára ni? Ata kì í kúkú mu epo!" Gbogbo ẹni tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Màmá wò mí, wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, lóòótọ́ ni, ata kì í mu epo. Àmọ́ ata ò lẹ́sẹ̀. Ta ló gbé e dé ibí?"

Mo san owó, mo sì lọ sílé. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi, nítorí ó yẹ kí n ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Alájàpá èlùbọ́ ni ìyá ìyá mi. Ṣakí ni wọ́n ti ń ra èlùbọ́, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tà á. Bí wọ́n bá ti ọjà dé, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta, wọ́n á sì ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó sí etí ìró. Kókó kìíní, owó ọjà. Kókó kejì, owó ọ̀nà. Kókó kẹta ni èrè, òun ló sì máa ń kéré jù. Wọ́n á ní, "Owó ọjà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Owó ọ̀nà, ẹ má tilẹ̀ wò ó."

Kókó kejì yẹn ni a fẹ́ tú lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: nínú iye ohunkóhun tí a bá rà lọ́jà, a ti san owó ọ̀nà mọ́ ọn. Bí ọ̀nà bá le, ọjà á le. Ó sì ti pẹ́ gan-an tí a ti ń bínú sí ẹni tó jókòó ti àtẹ, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀nà ló yẹ ká bi.

Nígbà tí orí èèyàn jẹ́ ọkọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ẹṣin wà nílẹ̀ Yorùbá nígbà náà, ṣùgbọ́n ti ọba, ìjòyè àti jagunjagun ni. Àwọn oníṣòwò Hausa ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bọ̀ láti òkè, àmọ́ bí ẹran wọ̀nyẹn bá ti wọ inú igbó, eṣinṣin inú igbó á kó àrùn ràn wọ́n, wọn á sì kú. Ọkọ̀ ojú omi wà lórí ọ̀sà. Níbi tó kù, orí èèyàn ni ọkọ̀, òṣùká sì ni ìjókòó ẹrù.

Ẹrù tí aláàárù kan ń rù kò ju nǹkan bíi kìlógíráàmù 27 lọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn ẹrù tí ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan ń gbé lónìí, èèyàn bíi 37 ni yóò rù ú. Àwọn èèyàn 37 yìí á jẹun láàárọ̀, wọ́n á jẹun lálẹ́, wọ́n á wá ibi sùn, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì rí fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó ti Ìbàdàn dé etí òkun. Wọ́n á tún padà sílé. Bí wọn ò bá rí ẹrù gbé padà, ẹrù àlọ nìkan ni yóò san owó àlọ àti owó àbọ̀.

Owó fúnra rẹ̀ pàápàá, ẹrù ni. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀kẹ́ ni àpò, a sì mọ̀ pé ọ̀kẹ́ kan ni 20,000. Ohun kan náà ni méjèèjì, nítorí 20,000 owó ẹyọ ló ń kún àpò kan. Bí ó bá jẹ́ owó ẹyọ kékeré tó ń ti erékùṣù Maldives wá, àpò kan tó kìlógíráàmù 20 ó lé, ẹrù aláàárù kan nìyẹn. Láàárín ọ̀rúndún yẹn ni àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ tó tóbi ju ìyẹn lọ wá láti Zanzibar, ìyẹn sì wúwo tó ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọ̀rúndún náà fi máa parí, ọ̀kẹ́ kan kò ju ṣílè díẹ̀ lọ mọ́. Bí ènìyàn bá fẹ́ gbé owó lọ sí ọjà tó jìnnà, yóò san nínú owó náà fún ẹni tó ru owó.

Èyí ló jẹ́ kí a mọ irú ọjà tó lè rìn jìnnà àti irú èyí tí kò lè rìn. Ìyùn rìn jìnnà. Aṣọ òfì rìn jìnnà. Obì rìn jìnnà, nítorí ẹrù obì kan tó owó púpọ̀, owó aláàárù ò sì hàn lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣu ńkọ́? Iṣu wúwo, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Bí wọ́n bá gbé iṣu rin ọjọ́ mẹ́rin, owó aláàárù á ti jẹ owó iṣu tán. Ìdí nìyẹn tí iṣu fi lè pọ̀ yàà ní ìlú kan, kí ìyàn sì máa mú ní ìlú mìíràn tí kò jìnnà púpọ̀ sí i.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òfin yìí kò tíì yí padà. Ohun tó wúwo tí owó rẹ̀ kéré ni ọ̀nà ń fìyà jẹ jù. Ó sì ṣeni láàánú pé ohun tó wúwo tí owó rẹ̀ kéré náà ni tálákà ń jẹ: gàrí, iṣu, èlùbọ́, tòmátì, iyọ̀.

Ẹni tó di ọ̀nà mú ló di ọjà mú

Owó aláàárù nìkan kọ́ ni owó ọ̀nà. Ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ní oníbodè tirẹ̀, oníbodè sì ń gba owó lọ́wọ́ èrò. Bí ìlú mẹ́rin bá wà lójú ọ̀nà, owó ibodè mẹ́rin ti wọ inú iye iyọ̀ kí ó tó dé orí àtẹ.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n a ti ọ̀nà pa pátápátá. Ní 1877, nígbà tí Ààrẹ Látòóṣà ń ṣolórí Ìbàdàn, ìjà bẹ́ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá lórí ẹ̀tù ìbọn tí Ìbàdàn rà láti Porto-Novo tí wọ́n sì gbà kọjá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ẹ̀gbá ti ọ̀nà. Ìjẹ̀bú náà dara pọ̀ mọ́ wọn. Láìpẹ́, ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ogun tí wọn ò tú ká lójú rẹ̀ títí di 1893. Ìbàdàn, ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, wá di ẹni tó ń wá ibi tí iyọ̀ àti ẹ̀tù yóò gbà wọlé, wọ́n sì ń gba ọ̀nà Oǹdó tó jìn yí ká.

Àwọn Ìjẹ̀bú ní tiwọn kì í jẹ́ kí oníṣòwò òkè kọjá dé Èkó, wọn kì í sì í jẹ́ kí ti Èkó kọjá sókè. Wọ́n ní ọjà lẹ́bàá ààlà wọn, bí ọjà Orù, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń gba ọjà lọ́wọ́ ẹni òkè, tí wọ́n á tún gbé e fún ẹni ìsàlẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé ìwà ìmọtara-ẹni nìkan nìyẹn. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ wọn ni, ọ̀nà wọn ni, òun náà sì ni iṣẹ́ wọn. Àmọ́ ẹni tó ń ra iyọ̀ ní Ìbàdàn ló ń san owó iṣẹ́ náà. Ní 1892, àwọn òyìnbó Èkó gbé ogun lọ bá Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọn. Wọ́n sọ ọ̀pọ̀ nǹkan nípa ìdí ogun náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọ̀rọ̀ ọjà ló wà nídìí rẹ̀.

Ojú irin dé, lọ́rì tẹ̀ lé e

Ní 1896, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní 1901, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Ní 1907, ó dé Òṣogbo. Nígbà tó di 1912, ènìyàn lè wọ ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kánò. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin di ìrìn ọjọ́ kan. Ẹrù tí èèyàn 37 ń rù, igun kan nínú wágọ́ọ̀nù kan ló gbà á.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Kánò. Ìjọba òyìnbó rò pé òwú ni ọkọ̀ ojú irin yóò máa kó wálẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Hausa ṣírò tiwọn, wọ́n sì rí i pé ẹ̀pà ló mú owó wá jù. Ẹ̀pà ti wà ní Kánò tipẹ́, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni yóò gbà dé etí òkun, owó ọ̀nà á jẹ gbogbo owó rẹ̀. Ojú irin dé, ẹ̀pà kan náà di ọrọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, Òṣogbo di ojúkò òwò, ilé iṣẹ́ àwọn òyìnbó sì tò lọ rẹrẹ níbẹ̀. Obì gbànja tí àwọn àgbẹ̀ gbìn ní agbègbè Agége bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Òkè Ọya.

Kì í ṣe gbogbo ìlú ni ojú irin yà sí o. Kò gba Ọ̀yọ́, kò gba Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì dé Ṣakí ìyá ìyá mi. Fún irú ìlú bẹ́ẹ̀, mọ́tò ni ìràpadà. Nǹkan bí 1906 ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Nígbà tó fi máa di bí 1920 sókè, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ti ń ra lọ́rì fúnra wọn. Salami Agbájé ti Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi lọ́rì ṣòwò. Lẹ́yìn ìyẹn ni bọ́lẹ̀kájà tí a mọ̀ gbòde, ọkọ̀ onípákó tó ń gbé èèyàn, ewúrẹ́ àti àpò èlùbọ́ pọ̀. Òun ni ìyá ìyá mi ń wọ̀. Kò tuni lára rárá, ṣùgbọ́n ó yà sí ibi tí ojú irin ò yà sí.

Pelewura àti iye gàrí

Mo wá dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nǹkan le ní Èkó. Àwọn ọmọ ogun pọ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń wá iṣẹ́ sì ń ya wọ̀lú. Epo bẹntiróòlù di ohun tí ìjọba ń wọ̀n fúnni, táyà lọ́rì di góòlù. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ò kúrò lójú kan, oúnjẹ sì ń gbówó lórí. Ìjọba òyìnbó bẹ̀rù pé ìlú yóò dàrú. Wọ́n fi iye lé oúnjẹ, wọ́n sì fi òyìnbó kan tó ń jẹ́ Captain Pullen ṣe alákòóso rẹ̀. Gàrí ò gbọdọ̀ ju iye báyìí lọ. Ẹni tó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́ fún ìjọba náà: òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ò ká gàrí mọ́ nílò ìrànlọ́wọ́. Ohun tó burú ni pé orí ẹni tó ń ta gàrí ni wọ́n gbé ìrànlọ́wọ́ náà lé. Wọ́n rò pé alárọ̀bọ̀ ló ń jẹ èrè àjẹjù.

Ìyá kan wà tó ń ta ẹja ní ọjà Ẹ̀rẹ́kò, Alimotu Pelewura lorúkọ wọn. Wọn ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n àwọn ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó, Herbert Macaulay pàápàá sì mọ̀ pé agbára ńlá ni wọ́n. Àwọn obìnrin yìí sọ fún ìjọba pé iye tí ẹ fi lé e yìí kò ká a. Gàrí ò hù sí Èkó. Láti Ìjẹ̀bú àti àwọn ìlú òkè ló ti ń bọ̀. Lọ́rì ò tó, epo ò tó, aláàárù ń gba owó, àpò ń gba owó. Bí a bá tà á ní iye yín, inú apò wa ni a ó ti máa san owó ọ̀nà.

Wọn ò gbọ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ náà ló ṣẹlẹ̀. Gàrí kúrò lórí àtẹ, ó wọ abẹ́ àtẹ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á ní iye ìjọba ò rí rà. Ẹni tó bá lówó, ó rà á ní kọ̀rọ̀, ní iye tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Òfin tí wọ́n ṣe kí gàrí má baà wọ́n, òun náà ló fi gàrí pamọ́.

Àwọn obìnrin náà ò dákẹ́ títí wọ́n fi mú òfin náà kúrò ní 1945. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù kẹfà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà nítorí pé owó oṣù ò ká ọjà mọ́. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà níwájú wọn. Ẹ wò ó: àwọn tó ń wa ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ, ebi ń pa wọ́n. Àwọn tó ń ta oúnjẹ, wọ́n ń gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Kò sí èyí tó ṣẹ èkejì nínú wọn.

Láti orí òṣùká dé orí tírélà

Ní òní, àwọn tírélà ló ń gbé ata, tòmátì àti àlùbọ́sà láti Òkè Ọya wá sí Máìlì 12 ní Èkó. Láti Kánò dé Èkó, nǹkan bí 1,000 kìlómítà ni. Ojú irin àtijọ́ yẹn ti rọ, àwọn tírélà sì gba iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, epo kúrò ní náírà 65 bọ́ sí náírà 141. Ìlú dìde, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ìjọba sì dá a padà sí 97. Owó ọkọ̀ tí mo ń wọ̀ nígbà yẹn di ìlọ́po méjì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí epo wálẹ̀, ó wálẹ̀ díẹ̀, kò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ní 2023 tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, epo kúrò ní nǹkan bí náírà 190, ó ju 480 lọ ní Èkó. Kí oṣù keje tó parí, ó ti lé ní 600 ní Àbújá.

Ẹlòmíràn á sọ pé dísẹ́ẹ̀lì ni tírélà ń mu, kì í ṣe bẹntiróòlù. Òótọ́ ni. Dísẹ́ẹ̀lì tiẹ̀ ti gbówó lórí ṣáájú, ní 2022, lẹ́yìn tí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tọ ipa ata náà. Ẹ̀rọ tí àgbẹ̀ fi ń fa omi sóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bẹntiróòlù ló ń mu. Ọ̀kadà tó gbé e kúrò lóko, bẹntiróòlù ni. Tírélà gbà á, dísẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Láti Máìlì 12 dé ọjà àdúgbò, bọ́ọ̀sì kékeré ni, ó tún di bẹntiróòlù. Lójú ọ̀nà, àwọn tó ń fi okùn dá ọkọ̀ dúró wà, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì wà. Oníbodè àtijọ́ ò tíì kú, aṣọ ló pààrọ̀.

Ẹ tún fi tòmátì tó bàjẹ́ kún un. Ká ní apẹ̀rẹ̀ 100 ló kúrò ní Kánò, kí ọkọ̀ ó bàjẹ́ lọ́nà, kí 30 ó sì rà. Apẹ̀rẹ̀ 70 tó kù ni yóò san owó 100. Títì tó ní kòtò nìkan ti fi owó kún tòmátì, kódà bí epo ò bá wọ́n.

Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró, wọn ò jẹ́ kó wálẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Níhìn-ín, àlùbọ́sà di ohun tí a ń wá kiri. Lókè, tòmátì ń rà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀nà dí, ẹni tó ní kò rí tà, ẹni tó fẹ́ kò rí rà. Látòóṣà ì bá mọ̀ ọ́n bó bá rí i.

Kí ló dé tí owó kì í tètè wálẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí mi jù. Bí epo bá wálẹ̀, kí ló dé tí ọjà kì í wálẹ̀? Ọ̀kan ni pé ọjà tó wà lórí àtẹ lónìí, owó ọ̀nà ti àná ni wọ́n san lé e. Èkejì ni pé epo nìkan kọ́ ni ọkọ̀ ń jẹ. Táyà, bẹ́líìtì, bátìrì, òkè òkun ni púpọ̀ wọn ti ń wá, iye dọ́là ló sì ń dá iye wọn. Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù: ẹni tí ọ̀wọ́ngógó ti gbé owó ọjà rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kì í yára sọ owó rẹ̀ sílẹ̀.

N kò sọ pé kò sí ọlọ́jà tó ń rẹ́ni jẹ o. Wọ́n wà, ẹ mọ̀ wọ́n, èmi náà mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rẹ́ni jẹ kò lè rẹ́ gbogbo ìlú jẹ lọ́jọ́ kan náà. Bí gbogbo àtẹ inú ọjà bá lé owó láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀nà ni kí ẹ wò.

Àtúnṣe rẹ̀ náà kò yàtọ̀ láti ayé Kírìjì wá. Kí ọ̀nà ó dára, kí owó ibodè ó dínkù, kí ojú irin ó máa gbé ẹrù tó wúwo. Ní oṣù kẹfà 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn. Inú mi dùn nígbà tí mo wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi àti báàgì mi ló gbé, kò gbé ata màmá. Lọ́jọ́ tí gàrí, iṣu àti tòmátì bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin bí obì ṣe ń wọ̀ ọ́ láyé Agége, ọjọ́ náà ni n ó gbà pé a ti ń bọ̀ nílé.

Mo padà lọ bá màmá aláta. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ata rodo méjì ṣe ènì fún mi. Mo bi wọ́n pé èló ni wọ́n ń jẹ lérè lórí apẹ̀rẹ̀ kan. Wọ́n nawọ́ sí etí ìró wọn, kókó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Owó ọkọ̀ ọ̀la nìyí. Tí mo bá dé ọjà, tí mo sì bọ̀, a ó mọ̀."

 Ẹ̀yin tí ìyá yín tàbí ìyá àgbà yín ṣe àjàpá, ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ sọ ọ̀nà tí wọ́n rìn àti ohun tí wọ́n gbé. A ó kà á lórí ètò.